Ta Ló Ní Ẹyẹlé Kì í Yẹrí?

Ẹ bá mi wá ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe ẹyẹlé. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ, kò sì ní gùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sí mi létí pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Wọ́n fi gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀gá mi fi kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀. Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà pé ilẹ̀ á mọ́ lọ́la. Àfi ìgbà tí ẹyẹlé bá mi jẹ, tó bá mi mu, tí ọjọ́ ikú sì dé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí i lórí páànù ilé kejì, ó ń fi ẹnu túnra ṣe, ara ń dán. Adìẹ mi ló ń kú lọ nílẹ̀.

Ìgbòho ni mo ń gbé. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ni mo gbé máṣíìnì mi sí, ibẹ̀ náà sì ni adìẹ mi ti ń jẹ̀. Mo ní kí n má sọ pé "àwọn adìẹ mi", kí ẹ má baà rò pé olówó ni mí. Méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọyẹ́ tó kọjá ni lúkúlúkú wọ àdúgbò, ó kó mẹ́fà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù ni ọmọ mi obìnrin sọ ní Ìyálóde, nítorí pé bó bá ń rìn kọjá, ńṣe ló ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ jókòó láàfin. Ìyálóde yìí la yà sọ́tọ̀ fún àwọn àna mi tó ń bọ̀ láti Ṣakí lọ́jọ́ Sátidé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Sátidé yẹn ni mo rí i tó dúró ti ògiri, tó na ọrùn, tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá orin tó gbàgbé ohùn. Mo da ọkà bàbà sílẹ̀ fún un. Ó ṣa ọ̀kan, ó mi orí, ọkà jábọ́. Ó ṣa òmíràn, òun náà jábọ́. Ẹ gbọ́ ná: ṣé adìẹ tí wọ́n ń pòwe mọ́ pé ó ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín, ṣé òun náà ni ẹyọ ọkà bàbà kan há mọ́ lọ́fun? Mo gbé e lé itan, mo fi àtàǹpàkò la ẹnu rẹ̀. Òórùn tó jáde níbẹ̀, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀, nítorí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Mo tan iná fóònù mi sí i. Lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ títí wọ ọ̀fun, nǹkan kan lẹ̀ gbagidi mọ́ ibẹ̀, kò funfun tán, kò sì pọ́n tán, bí wàrà tó ti pẹ́ jù nínú igbá. Mo mọ wàrà dáadáa, mo máa ń rà á lọ́wọ́ ìyá Fúlàní tó ń kiri lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ohùn ìyá náà lọ́nà, ńṣe ni mò ń wọ yàrá lọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àwọn onímọ̀ràn fi dé. Ẹ mọ bí a ṣe rí: ẹni tí kò rí ẹ bẹ̀ wò nígbà tí ibà dá ẹ dùbúlẹ̀, bó bá gbọ́ pé adìẹ ẹ ń ṣàìsàn, á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní lúkúlúkú ni, kí n tètè dú u kó tó di òkúǹbete. Ìyá kan ní kí n lọ ata wẹ́wẹ́ mọ́ epo pupa, kí n fi rọ ọ́ lọ́fun. Bí kò bá sì gbọ́, kí n tètè dú u. Mẹkáníìkì tó wà lójú títì ní kí n kán kẹrosíìnì sí i lẹ́nu. Mo bi í pé ṣé adìẹ ni àbí àtùpà. Ó ní òun kàn sọ tòun ni, àmọ́ bó bá jẹ́ tòun, òun á dú u. Ẹnì kan tilẹ̀ mú abẹ́ dání wá, ó ní ká ha nǹkan funfun yẹn kúrò. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè pé, "Báwo lara ẹ̀?" Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí ni pé, "Ṣé ó ṣì wúwo?"

Bàbá tó ni ẹyẹlé ilé kejì náà wá. Àgbàlagbà ni, èèyàn rere sì ni. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, wọ́n wo Ìyálóde títí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà: "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká yẹrí fún ara wa o. Bí ẹyẹlé la ó máa ṣe." Mo ní àmín. Ẹ dákun, ẹ rántí àmín yẹn fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ní a ti lè rí dókítà ẹran. Agádágodo ló dá mi lóhùn. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran. Ọkùnrin ibẹ̀ bi mí pé adìẹ mélòó ni. Mo ní ọ̀kan. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. "Ọ̀kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ìgò kékeré kan sí mi, ó ní abẹ́rẹ́ lúkúlúkú ni, igba adìẹ ló wà fún, àti pé kò sí bí wọ́n ṣe ń já a tà. Mo ṣírò rẹ̀ dé ilé: bí mo bá ra oògùn igba adìẹ, mo ṣì ní láti wá adìẹ mọ́kàndínnígba tó máa bá Ìyálóde lò ó.

Bí mo ṣe jókòó tí mò ń bínú ni mo rántí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ya àwòrán ọ̀fun Ìyálóde, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

"Bàbá Kékeré, ẹ kú wàhálà. Ẹ bá mi wo ogbe orí ẹ̀. Ṣé egbò gbígbẹ wà níbẹ̀?"

Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa, nítorí bí egbò bá wà lórí ogbe àti ní etí ojú, á jẹ́ olóde adìẹ, oògùn tó ń wò ò sì sí fún un. Ó ní bí adìẹ ò bá rí ewéko tútù àti àgbàdo pupa jẹ tó, nǹkan funfun náà lè yọ sí i lẹ́nu. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí wọ́n fi òwú nu ọ̀fun rẹ̀, kí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò kó tó gbẹ, wọ́n á rí kòkòrò tó ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́. "Ṣé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí yín?" Mo wo iwájú mi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà nítòsí mi, aṣọ ló ń rán.

Ó wá ní pẹ̀lú ohun tí òun rí àti ohun tí mo sọ, òórùn yẹn, nǹkan bíi wàrà yẹn, canker lòun fura sí. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń fà á, Trichomonas ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ́ ha á o, ẹ̀jẹ̀ á ya, á sì fún adìẹ pa. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ kan, bí ẹní ń ṣeré.

"Bàbá Kékeré, ṣé ẹyẹlé wà ládùúgbò yín?"

Mo gbójú sókè. Wọ́n tò sórí páànù bí ìgbìmọ̀.

Ó ní ọ̀pọ̀ ẹyẹlé ló ń gbé kòkòrò yìí kiri nínú ọ̀fun láìjẹ́ pé orí fọ́ wọn. Inú oúnjẹ ọmọ wọn gan-an ló ń gbà. Ẹyẹlé ní wàrà tirẹ̀, akọ ní, abo ní. Inú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn ló ti ń jáde, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ, inú rẹ̀ sì ni ọmọ ti ń jogún kòkòrò. Bí irú ẹyẹlé bẹ́ẹ̀ bá mumi nínú abọ́ adìẹ, á fi itọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Adìẹ dé lẹ́yìn rẹ̀, ó mu ún, ó gbà á. Ẹyẹlé fò lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yẹrí!

Flagyl ló ní kí n rà. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo wọ kẹ́míìsì, mo ní kí wọ́n fún mi ní káàdì Flagyl kan, oníigba. Ọmọbìnrin tó ń tajà wò mí.

"Bàbá, ṣé inú ló ń yọ yín lẹ́nu?"

"Rárá o."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé nǹkan ti òde ni?"

"Adìẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Bàbá wọn, wọ́n ní ẹ ra Flagyl." Mo fi Ìyálóde hàn án. Ó ní òun ti ń rí adìẹ yẹn láti ọjọ́ yìí, kí n sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo ní láti pe ọmọ Ìbàdàn kó wá bá mi jẹ́rìí. Ọmọ náà, kó ran ẹjọ́ mi lọ́wọ́, ó ní kòkòrò adìẹ yìí kì í mú èèyàn, ìbátan rẹ̀ kan ló ń mú èèyàn, èyí tí tọkọtaya ń kó ran ara wọn, àti pé nítorí ìbátan yẹn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé Flagyl jáde ní nǹkan bí 1960. Ìyàwó mi wò mí. Mo wo fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe akẹ́kọ̀ọ́ láti wá jẹ́rìí yín. Òótọ́ wọn máa ń pọ̀ jù.

A gbé Ìyálóde lé òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja, ó lé díẹ̀ ní kílò kan. Ọmọ Ìbàdàn ní kí n dá hóró Flagyl 200 mg kan sí mẹ́rin, kí n máa fún un ní ìdá kan lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ti gé léèsì, mo ti gé aṣọ òkè, mo ti gé aṣọ àrán tí onítọ̀hún ní bí mo bá bà á jẹ́ òun á gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò gé nǹkan tó pá mi láyà tó hóró Flagyl rí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, mo gbé abẹ́ lé e. Ó fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta àti eruku. Ìkejì ló gbọ́ràn. Mo fọwọ́ kan eruku náà lá wò. Ewúro lọ jókòó! Mo po ìdá kan mọ́ omi nínú ìdérí ìgò, mo gbé e sún mọ́ Ìyálóde lẹ́nu. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a. Gbogbo rẹ̀ dà sórí ṣòkòtò oníbàárà.

Òwe kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: adìẹ dà mí lóògùn nù, mà á fọ́ ọ lẹ́yin. Mo máa ń rò pé ẹ̀san lásán ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ kẹrin ìtọ́jú, Ìyálóde yé ẹyin kan, ẹyin tó dán, tó gún régé. Mo ránṣẹ́ ayọ̀ sí Ìbàdàn. Èsì dé kíá: "Ẹ má jẹ ẹ́ o. Oògùn wà nínú ẹ̀. Ẹ fọ́ ọ dànù." Mo gbé ẹyin náà lọ sí ìdí ààtàn, mo fọ́ ọ. Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo sì fọ́ ọ lẹ́yin, àmọ́ èmi náà ni mo jẹ ìyà rẹ̀.

Àmọ́ kó tó di ọjọ́ ẹyin yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń mú nǹkan tí ń dẹ́rù bani ni Ìgbòho, ẹ má gbàgbé. Nígbà tí Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n wá tẹ̀dó sí nígbẹ̀yìn ní ọ̀rúndún 16, Igbó Ọba tí Aláàfin mẹ́rin sùn sí ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ìtàn ní àwọn ìjòyè tí ibí ti mọ́ lára rán abuké, arọ àti àfín ṣáájú, kí wọ́n lọ máa ṣe bí iwin lórí òkè, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba rán ọdẹ lọ, wọ́n kó gbogbo iwin náà wálé, ni wọ́n bá ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Bí ọba bá lè mú iwin, kí ló dé tí télọ̀ ò ní lè mú ẹyẹlé?

Mo sápamọ́ sẹ́yìn máṣíìnì mi kí ojúmọ́ tó mọ́. Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n bà sílẹ̀ gẹ́rẹ́ bí ẹni tó mọ ilé. Akọ kan gbé àyà, ó ki ẹnu bọ omi Ìyálóde títí dé imú, ó ń fà á gùgùgù bí ẹṣin, kò gbé orí sókè títí ó fi yó. Ẹ wo adìẹ ná: bó bá mu ẹ̀kán omi kan péré, á gbójú sókè wo Ọlọ́run. Ó mu òmíràn, ó tún dúpẹ́. Ẹyẹlé ò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n ń fi gbàdúrà!

Mo wẹ ẹsẹ̀ mi, mo lọ bá bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó rojọ́, nítorí àgbà làgbà. Wọ́n ní, "Ẹyẹlé tèmi? Wò wọ́n bí ara wọn ṣe ń dán!"

Mo ní, "Bàbá, ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí mo bá wá."

"Ọmọ mi, ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá..."

"Bàbá, wọ́n bá mi jẹ, wọ́n bá mi mu. Ọjọ́ ikú dé ilé mi lọ́jọ́ Àìkú. Orí páànù yín ni wọ́n wà."

Bàbá dákẹ́. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á wá mi wá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹrú omi. Abọ́ méjì ni mo ní báyìí: bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á wà nínú oòrùn, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí kòkòrò yìí ò lè la gbígbẹ já. Inú àgò ni mo gbé omi sí kí ọrùn ẹyẹlé má baà tó o. Ògì tútù ni Ìyálóde ń mu bí ọlọ́mọ tuntun. Ọmọ Ìbàdàn ní kí n má bọkàn jẹ́, kì í ṣe èmi nìkan. Ó ní láti 2005 ni àrùn yìí ti ń pa àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ ewé nínú ọgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ àti omi fún wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní ní 2009, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé ihò tó wà lágbọ̀n Tyrannosaurus rex, ẹranko ńlá tó ti pòórá láti bíi mílíọ̀nù 66 ọdún, jọ ihò tí àrùn yìí ń dá sí ẹnu ẹyẹ. Ẹranko tí eyín rẹ̀ gùn tó àlùmọ́gàjí mi! Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi láti fi tù ú nínú. Ó ní ṣé òun náà rí Flagyl lò.

Ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bíi wàrà yẹn ti já, ọ̀fun mọ́, Ìyálóde ń ṣa ọkà bàbà kàkàkà. Mo jókòó ṣírò. Adìẹ tí wọ́n ń tà ní ₦6,000 lọ́jà: ọ̀kadà ₦2,000, dátà ₦1,000, Flagyl ₦500, abọ́ ₦1,200, ògì ₦300, àgò ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦7,000. Mi ò ka ṣòkòtò oníbàárà mọ́ ọn. Kò burú, mo ní, ṣebí ọ̀la ni àwọn àna ń bọ̀, ẹnu wọn ni owó náà máa gbà. Mo pe Ìbàdàn láti dúpẹ́.

"Bàbá Kékeré, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ o. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, òfin ò gbà kí wọ́n fún ẹran jíjẹ ní oògùn yìí rárá. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré."

Ẹ bá mi kà á. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mi ò lè jẹ ẹyin rẹ̀. Mi ò lè tà á, nítorí mi ò lè wo ojú Ọlọ́run kí n tà á fún ẹni tó máa jẹ ẹ́. Adìẹ mi ti di àbúrò mi. Ìyálóde gbé ẹsẹ̀ kọjá níwájú mi, ìrìn ààfin, ó mumi, ó gbójú sókè, ó dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá ẹlẹ́yẹlé wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹyẹlé méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́, wọ́n sanra, aṣọ tí mo gé kù ni wọ́n fi so wọ́n lẹ́sẹ̀. Bàbá ní, "Ọmọ mi, má bínú. Gba àwọn yìí, kí o máa sìn wọ́n." Ẹ sọ fún mi, ta ló ń kọ ẹ̀bùn àgbà? Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á, inú mi ń jó. Ẹ ò rí i, wọ́n gba àlàáfíà lọ́wọ́ mi, wọ́n wá fi ẹni tó gbà á san án fún mi.

Bàbá lọ tán. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ìkòkò òfìfo tó wà lórí àdògán, ó wo ọ̀nà Ṣakí.

"Bàbá wọn," ó ní, "kí ni òwe yẹn tún wí nípa ọjọ́ ikú?"